Irin Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Mo Gún Mọ́lẹ̀ Nílé Àbúrò Mi

Ẹ wá ibi jókòó sí. Ẹni tó bá ní àpótí kó fà á sún mọ́ mi, ẹni tí kò bá ní kó tẹ́ ẹní, ẹni tó bá sì gbé ìkòkò kaná kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ná, nítorí mi ò ní kánjú sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Kì í ṣe ilẹ̀ tí wọ́n ń tà ní pulọ́ọ̀tì ní Ọ̀tà níbí, tí ẹni mẹ́ta ń mú rìsíìtì ilẹ̀ kan ṣoṣo lọ sí kóòtù. Ilẹ̀ iná ni mo ń wí, ilẹ̀ tí iná ń wá nígbà tó bá ṣìnà.

Iṣẹ́ iná ni mo fi jẹun láyé. Láti Ọ̀ṣun ni a ti wá, èmi àti àbúrò mi obìnrin tí wọ́n bí tẹ̀lé mi, nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ tó wà ní Ṣàngó Ọ̀tà níbí ń wá òṣìṣẹ́ lójú méjèèjì. Èmi wọ ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin, mo ń bójú tó iná ẹ̀rọ wọn. Òun wọ ibi tí wọ́n ti ń di bisikíìtì. Èmi kọ́lé sí Ilo-Awela. Òun ní tiẹ̀ lọ ra ilẹ̀ sí Àtàn, ó ní òun ò lè gbé ibi tí adìẹ òun ò ti ní ráyè tan ilẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ bisikíìtì, adìẹ yìí náà ló gbájú mọ́.

Àwọn adìẹ rẹ̀ ń yé dáadáa, ṣùgbọ́n ìyá adìẹ tó bá ti sàba, ó ti fi ẹyin yíyé sílẹ̀ nìyẹn fún ìgbà pípẹ́. Ló bá ra ẹ̀rọ kan tí ń sàba dípò wọn. Àpótí irin ni, ó ga dé ìbàdí mi, ó ní ilẹ̀kùn onígíláàsì, ó sì ní ojú kékeré kan tí nọ́ńbà pupa máa ń hàn níbẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí inú rẹ̀ ṣe gbóná tó. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni ẹyin ń lò nínú rẹ̀, ooru kò sì gbọdọ̀ kọjá ibi tí wọ́n fi sí, kò gbọdọ̀ relẹ̀ sí i. Ẹyin tó kọ́kọ́ kó sínú rẹ̀ bàjẹ́ tán pátá. Òórùn rẹ̀ lé àlejò kúrò nílé.

Nígbà tó kó ọgọ́ta ẹyin ẹlẹ́ẹ̀kejì sínú rẹ̀, ó pè mí lórí fóònù.

“Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Bí èyí náà bá bàjẹ́, mo ti gbà pé kì í ṣe iṣẹ́ mi. Màá ta ẹ̀rọ, màá ta adìẹ, màá sì padà sílé ní Ọ̀ṣun.”

“Ta ni yóò wá máa se ọbẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ fún mi?”

“Ìyàwó yín ń kọ́?”

“Ìyàwó mi gan-an ló ń béèrè.”

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ ẹ̀rín àbúrò mi. Èyí kò dé ikùn. Ní Àtàn, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n sí ẹni tó gbìyànjú. Bó bá padà sílé, ẹni tó gbìyànjú tì ni wọn yóò máa pè é. Àwa méjì péré ló sì ṣẹ́ kù lọ́mọ ìyá wa.

Ọjọ́ kejìlá ni ìpè kejì wọlé.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rọ yìí ti ń gé mi jẹ.”

“Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń géni jẹ?”

“Mo fọwọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ṣọ́ọ̀kì mi dé èjìká. Nọ́ńbà ojú rẹ̀ sì ń jó. Ó wà ní mẹ́tàdínlógójì, ó fò sí ogójì, kí n tó ṣẹ́jú ó ti já sí mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ṣé ẹ̀rọ nìyí àbí jàǹdùkú?”

Mo ní kó wọ bàtà rọ́bà, kó má fi ọwọ́ lásán kàn án mọ́, mo ń bọ̀ láàárọ̀.

Ọyẹ́ ti mú gan-an láàárọ̀ ọjọ́ náà. Láti Ṣàngó dé Àtàn, gbogbo ewé ẹ̀gbẹ́ títì Ìdíròkò ló ti pọ́n fún eruku. Mo gbé báàgì irinṣẹ́ mi lé ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀, mo ń rò ó pé wáyà kan ló bọ́ nínú ẹ̀rọ náà, pé kí oòrùn tó mú, mo ti parí.

Mo bá ọmọbìnrin kan tó kúnlẹ̀ sídìí ẹ̀rọ. Ojú Òre ló ní ṣọ́ọ̀bù, ibi tó ti ń tún bọ́ọ̀dù fóònù àti ti tẹlifíṣọ̀n ṣe. Òun ni àbúrò mi pè lẹ́yìn tí ẹyin àkọ́kọ́ bàjẹ́, òun ló sì tún páwà ẹ̀rọ náà ṣe, ìyẹn àpótí pẹlẹbẹ inú rẹ̀ tó ń sọ iná òpó di iná kékeré tí bọ́ọ̀dù lè gbà.

“Ẹ káàárọ̀, Bàbá.”

“Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé ìwọ ni dókítà rẹ̀?”

“Èmi ni, sà. Aláìsàn mi ló wá ń gé ìyá aláìsàn jẹ.”

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tó wà lọ́kàn mi. Mo ti dá a lẹ́bi kí n tó bọ́ bàtà. Mo ní nínú ara mi pé ẹni tó kọ́ṣẹ́ lórí fóònù kò yẹ kó fọwọ́ kan ohun tó ń gba iná òpó. Mo bi í léèrè pẹ̀lú ohùn ọ̀gá, “Ibo lo so ilẹ̀ ẹ̀rọ yìí mọ́?”

“Ilẹ̀ wo nínú wọn, Bàbá?”

“Ilẹ̀ mélòó ló wà? Ilẹ̀ ni ilẹ̀.”

Bẹ́ẹ̀ la ti máa ń sọ ọ́ ní iléeṣẹ́ irin. Wáyà tí wọ́n bá ti pè ní ẹ́ẹ̀tì, gbé e lọ sínú ilẹ̀, ó ti parí.

Ọmọ náà kò bá mi jiyàn. Ó mú igi ìgbálẹ̀ kan, ó bọ́ síta, ó yàwòrán sínú eruku àgbàlá. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, níbi iṣẹ́ tiwa, a ń ka mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni èyí tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ yìí, ilẹ̀ Ọlọ́run gan-an. Bí iná burúkú bá jò, ibẹ̀ la fẹ́ kó sá lọ. Ìkejì ni ara ẹ̀rọ, páànù tó bo gbogbo rẹ̀. Àwa ń pe òun náà ní ilẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí tábìlì ló wà. Ìkẹta ni òdo bọ́ọ̀dù.”

“Òdo?” Àbúrò mi ló béèrè, pẹ̀lú agolo oúnjẹ adìẹ lọ́wọ́.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Tí ẹ bá fẹ́ wọn bí ọmọ ṣe ga tó, ṣebí láti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀? Iná kékeré inú bọ́ọ̀dù náà ní ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni òdo. Tí ibi tí ọmọ dúró lé bá ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀, ọmọ á máa ga, á máa kúrú, bẹ́ẹ̀ kò sì kúrò lójú kan.”

Àbúrò mi gbé agolo kalẹ̀. “Ìyẹn ni pé nọ́ńbà yẹn ò jó rárá. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ló ń jó.”

“Ìyá, ó ti yé yín tán.”

Mo wo àwòrán inú eruku náà títí. Ogójì ọdún iṣẹ́ iná, ẹnìkan ò ṣàlàyé ìkẹta yìí fún mi rí, nítorí n kò béèrè rí.

Ó ṣí ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Kò pẹ́ tó fi pòṣé. “Èmi náà ti ṣe tèmi síbí. Ibì kan ṣoṣo ló yẹ kí òdo àti ara ẹ̀rọ ti pàdé, èmi ni mo tún dè wọ́n pọ̀ níbi kejì. Mo rò pé bí ìdè bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe máa le tó. Iná ti wá ń bá àárín ìdè méjèèjì yí po.” Ó tú ọ̀kan. Nọ́ńbà rọra balẹ̀ sí mẹ́tàdínlógójì. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ báyìí, nọ́ńbà tún fò, gílóòbù yàrá sì pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn. Ilẹ̀kùn náà ń géni jẹ síbẹ̀.

“Bàbá, èyí tó kù, ọwọ́ yín ló wà. Ara ẹ̀rọ so mọ́ ẹsẹ̀ kẹta pílọ́ọ̀gì, ẹsẹ̀ kẹta gba inú ògiri lọ. Mi ò mọ ibi tó lọ lẹ́yìn ògiri.” Ó yíjú sí àbúrò mi. “Ta ló ṣe wáyà ilé yìí, Mà?”

“Ó dúró níwájú rẹ yẹn.”

Mo mú mítà mi, mo kan ìṣó kan mọ́lẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, mo wọ̀n láti ibẹ̀ dé ara ẹ̀rọ. Òfo ló yẹ kí n bá. Àádọ́rin fọ́ọ̀tì iná ni mo bá. Ojú ẹsẹ̀ ni mo rántí irin náà.

Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀. Iná kì í ní àlọ kó má ní àbọ̀. Wáyà kan ń gbé e wá látorí òpó, wáyà kejì ń gbé e padà. Èyí tó ń gbé e padà la ń pè ní níútírà. Ọdún márùn-ún ṣáájú, nínú oṣù àwẹ̀, níútírà ilé àbúrò mi já lórí òpó. Àwọn oníná ní àwọn ń bọ̀. Ẹ̀yin náà mọ “à ń bọ̀” wọn. Àbúrò mi ní àwọn aláàwẹ̀ inú ilé òun ò rí omi tútù ṣínu. Ni mo bá mú irin kan nínú èyí tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ilé kíkọ́, mo gún un mọ́lẹ̀ lẹ́yìn balùwẹ̀, mo so wáyà mọ́ ọn, mo sì sọ ilẹ̀ di ọ̀nà àbọ̀ fún iná. Púpọ̀ nínú àwa oníṣẹ́ iná ló ti ṣe é rí. Iná tàn yòò. Wọ́n ṣàdúà fún mi nídìí ìṣínu. Mo ní ọjọ́ mẹ́ta péré ni.

Mo tiẹ̀ tún ṣe ju ìyẹn lọ. Wáyà ẹsẹ̀ kẹta, èyí tó yẹ kó máa dáàbò bo èèyàn, orí irin kan náà ni mo so ó mọ́. Mo ní kí ni mo ń gún irin méjì fún? Ilẹ̀ ni ilẹ̀. Bí mo ṣe fi ara gbogbo ohun onírin inú ilé sí ojú ọ̀nà tí iná ń gbà padà sílé nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́ta di ọdún márùn-ún.

Mo bọ́ sí ẹ̀yìn balùwẹ̀, àwọn méjèèjì tẹ̀lé mi. Irin náà wà níbẹ̀, ó ti dípẹtà. Ilẹ̀ ìdí rẹ̀ ti gbẹ, ó sán bí ẹsẹ̀ alágbàṣe. Kò sì gbẹ bẹ́ẹ̀ rí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ṣe àlùwàlá. Omi bútà ìgbà márùn-ún lójúmọ́ ló ń ṣàn sídìí irin. Nígbà tí ilẹ̀ tutù, ó ń gbé iná tí mo rán sí i mì láìjanpata. Ọdún tí ẹ̀rọ asàba dé ni orúnkún àbúrò mi kò jẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀ mọ́, ló bá ṣe ẹnu ẹ̀rọ omi sínú ilé fún àlùwàlá. Omi kò dé ìdí irin mọ́, ọyẹ́ sì mú. Ilẹ̀ kọ̀ ọ́, iná dá padà sílé, ó jókòó sára ilẹ̀kùn ẹ̀rọ asàba.

Gbogbo èyí yé mi níbi tí mo dúró sí. Kò tíì yé àwọn tó kù. Bí mo bá sọ pé iná ìjọba ló ń ṣe ségesège, wọn yóò gbà mí gbọ́. Ta ni kì í gba ìyẹn gbọ́? Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi nígbà tí àbúrò mi sọ̀rọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rántí pé mo máa ń sọ fún yín pé bí mo bá ń ṣe àlùwàlá níbí, ilẹ̀ máa ń ta mí lẹ́sẹ̀? Ẹ ní làkúrègbé ni.”

Mo gbé irọ́ náà mì.

“Kì í ṣe làkúrègbé,” ni mo wí. “Iná ni. Èmi ni mo fi í síbẹ̀.” Mo ṣàlàyé fún un látòkèdélẹ̀, bí mo ṣe ṣàlàyé fún yín yìí. Ọmọ Ojú Òre náà yíjú sí ògiri, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa.

Àbúrò mi wo irin, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ọdún márùn-ún. Òrí tí mo fi pa ẹsẹ̀ yìí, ó tó láti din àkàrà ìsìnkú. Ọ̀gá oníná! Ẹ fi iná ṣe àlùwàlá fún àbúrò yín!”

“Má bínú sí mi.”

“Màá bínú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹyin mi pa ná. Lẹ́yìn ìyẹn, màá wá àyè bínú dáadáa.”

A pa iná ilé pátápátá. Mo tú wáyà kúrò lára irin náà, mo sì fà á yọ. Ó kọ́kọ́ ṣagídí. Ewu tuntun wá dé. Ẹ̀rọ ń tutù lọ, ẹyin ọgọ́ta wà nínú rẹ̀. Àbúrò mi kó bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, ó da ìró lé e, ó tún fẹ́ bọ́ híjáàbù orí rẹ̀ kún un.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré kan wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nípa iná inú irú jẹnẹrétọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí òun ni ọ̀nà kẹrin, tí ọmọ náà kò yà sínú eruku. Iná rẹ̀ kò so mọ́ ilẹ̀ rárá. Ó ń léfòó bí ewé lójú odò. Ara rẹ̀ ló ti ń jáde, ara rẹ̀ ló ń padà sí, kò bá ilẹ̀ ṣe àdéhùn kankan. Nítorí náà kò nílò níútírà orí òpó. Èyí kò ní kí á máa fọwọ́ pa wáyà rẹ̀ lára o, ṣùgbọ́n ó lè gbé ẹ̀rọ kan ṣoṣo láìjẹ́ pé ó gba inú wáyà ilé tí mo ti dà rú. Òde la gbé e sí kí èéfín má baà pa wá, a fa wáyà kan láti ibẹ̀ lọ tààrà sí ẹ̀rọ asàba.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, mo ti gún irin tuntun mọ́lẹ̀, èyí tí wọ́n fi bàbà bò, lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí omi ìfọbọ́ ń dà sí tí ẹnikẹ́ni kì í tẹ̀. Mo gbẹ́ ihò rẹ̀ jìn, mo fi èédú àti iyọ̀ yí i ká, àbúrò mi da omi sí i. Ara ẹ̀rọ ni mo so mọ́ ọn. Mo wọ̀n ọ́n. Mítà kò mira. Mo ní kí àbúrò mi fọwọ́ kan ilẹ̀kùn.

“Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án.”

Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì lé e. Kò sí nǹkan. Òun náà gbé tiẹ̀ lé e, ó ní, “Ó gbóná.” Ooru tó wà fún ẹyin nìkan ló ní lọ́kàn.

Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi lọ sí ọ́fíìsì àwọn oníná láràárọ̀. Mo máa ń jókòó síbi tí wọn yóò ti rí mi bí wọ́n bá ń wọlé, mo sì ń sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí: níútírà já, mo fi ilẹ̀ dípò rẹ̀, ó sì lè pa èèyàn. Mo ní láti sọ ọ́ fún ẹni mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ìtìjú rẹ̀ ti tán lára mi. Ọjọ́ kẹfà ni wọ́n gbé àkàbà wá, wọ́n so wáyà náà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, ó ń sinmi, bùláńkẹ́ẹ̀tì ń gba ipò rẹ̀. Nígbà tí ẹyin pé ọjọ́ kẹrìnlá nínú ẹ̀rọ, ọmọ Ojú Òre padà wá, ó gbé ẹyin kan síwájú tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀ nínú yàrá tó ṣókùnkùn. A rí ìṣàn pupa tó tàn ká inú rẹ̀ bí gbòǹgbò, àti ojú dúdú kékeré kan tó mira. Àbúrò mi ní, “Olúwa mi!”

Ilẹ̀ ọjọ́ kọkànlélógún mọ́, kò sí nǹkan. A kírun àìlà, kò sí nǹkan. Àbúrò mi jókòó sórí àpótí níwájú gíláàsì, ó ní, “Ó ti tó. Ẹ bá mi wá ẹni tó máa ra ẹ̀rọ.” Ọmọ náà ló dáhùn: “Ìyá, èmi ò fẹ́ kọ́kọ́ sọ ọ́ ni, mo ti ń gbọ́ nǹkan.” A gbé etí sún mọ́ gíláàsì. Lóòótọ́, ohùn kan ń dún nínú àpótí irin náà, tín-ín-rín, bí ẹni ń fi èékánná ha àwo. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹyin kan tó lu, ihò náà kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Kí a tó kírun alásárì, ọmọ adìẹ kan ti nà gbalaja síbẹ̀, ó tutù, ó burẹ́wà, ó ń mí. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, mẹ́tàdínlógójì ló jáde. Àwọn tó kù kò jáde, a sin wọ́n sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Àbúrò mi kò lọ sí Ọ̀ṣun. Ó sì bínú sí mi bó ṣe ṣèlérí, odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni kò se ọbẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ fún mi.

Mo mọ ilé mẹ́ta mìíràn ní Ọ̀tà tí mo ti gún irú irin bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo kan ilẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni kan bú mi. Ẹni kan fún mi ní kóòkì mu. Mo fa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yọ.

Bí a ṣe pín in lẹ́yìn tó parí nìyí. Àbúrò mi ló jogún àwọn ọmọ adìẹ, òun náà ló sì jogún omi ọjọ́ Jímọ̀: kó tó wọṣọ mọ́ṣáláṣí, ó ti da korobá kan sídìí irin tuntun, ọyẹ́ ìbáà mú, òjò ìbáà rọ̀. Ọmọ Ojú Òre jogún mítà mi tí mo ti ń lò láti iléeṣẹ́ irin. Ó ní, “Bàbá, mítà yìí dàgbà jù mí lọ.” Mo ní kó máa kí i láràárọ̀ nígbà náà. Àbúrò mi fi àkùkọ kan kún un fún un. Irin tó dípẹtà ni tèmi. Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀ mi ní Ilo-Awela. Ìyàwó mi ti sọ ọ́ nù lẹ́ẹ̀mejì, mo ti gbé e padà lẹ́ẹ̀mejì.